Àpótí Ìdáná Tí Wọ́n Dì fún Bàbá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe lè fẹ́ràn bàbá rẹ̀ tó, kó wá wo àpótí tí Wọ̀-ọ́-wò ń dì ní ọ̀sán Sátidé yẹn. Àpótí ńlá onítáyà ni, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí tábìlì tí obìnrin náà fi ń gé aṣọ. Ìkòkò wà nínú ìkòkò. Àwọn ìdérí wà láàárín síńgílẹ́ẹ̀tì. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì sùn sínú ìbọ̀sẹ̀ bí ọmọ tuntun. Níbi tí ẹlòmíì ì bá kó bàtà sí, sítóòfù oníná ló wà níbẹ̀, wọ́n fi tówẹ̀lì wé e, kò sì lè mì.

Aránṣọ ni Wọ̀-ọ́-wò. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ àti dígí gíga kan tó fara ti ògiri. Oníbàárà kankan ò lè gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó kàn jù ú sínú láílọ́ọ̀nù kó máa lọ. "Ẹ wọ̀ ọ́ wò ná," ni yóò sọ. Ẹni náà ìbáà máa kánjú bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, yóò wọ̀ ọ́. Yóò jókòó, yóò dìde, yóò na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ. Ohun tí àdúgbò ṣe ń pè é ní Wọ̀-ọ́-wò nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló sì fi ń jẹ́ ẹ.

Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Oníwáyà. Iṣẹ́ iná mọ́tò ló ń ṣe. Mọ́tò tí iná rẹ̀ kọ̀ tí kò tàn, tí fèrè rẹ̀ yadi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ wá, kì í sì í pẹ́ tí fèrè ọ̀hún á fi pariwo. Ọwọ́ ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, ká má purọ́. Ẹnu rẹ̀ náà sì mọ bí a ṣe ń yin ọwọ́ ọ̀hún.

"Wò ó," ni Oníwáyà wí, ó gbé wáyà sítóòfù sókè. "Mo ti gé púlọ́ọ̀gì tó wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀ dànù. Irú èyí tí wọ́n ń lò níbi tí à ń lọ ni mo fi sí i. Mo ti pààrọ̀ ti kẹ́tùrù náà. Tá a bá ti débẹ̀, a kàn máa kì í bọ ara ògiri ni. Ó parí!"

"Ọlọ́run ló fi yín ta mí lọ́rẹ," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Gáàsì ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú agolo ẹ̀ méjì. Bí iná wọn bá lọ ńkọ́? A ò ní jẹ́ kí ebi pa Bàbá nílùú onílùú."

Bàbá yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bàbá tó bí Wọ̀-ọ́-wò ni, awakọ̀ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló sì ń gbé. Ó ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo, tó wà ní òkè òkun, nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn méjèèjì ti fojú kan ara wọn. Inú fóònù ni wọ́n ti ń ríra. Nígbà míì wọn kì í tilẹ̀ sọ nǹkan kan, ọ̀kan á ṣáà máa mi orí sí èkejì. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àbúrò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé àwọn èèyàn. Ó gbàgbé ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ó gbàgbé orúkọ nọ́ọ̀sì tó ń wẹ̀ fún un. Kò tíì gbàgbé Bàbá. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé bí Bàbá ò bá lọ lọ́dún yìí, ó lè jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ ni yóò bá níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Oúnjẹ ni ìṣòro. Àìsàn kan ti bá ọ̀fun Bàbá jà, láti ìgbà náà, oúnjẹ tó bá rọ̀, tó sì kúnná dáadáa, nìkan ló lè gbé mì. Èyí tó bá le díẹ̀ lè há a lọ́fun, dókítà sì ti ní kó dín iyọ̀ kù. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí ní ilé oúnjẹ. Ìdí nìyí tí wọn ò fi gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì. Ilé kékeré kan tó ní ilé ìdáná tirẹ̀ ni wọ́n háyà, irú èyí tí àwọn tó ń lọ lo ọlidé máa ń gbà kí wọ́n lè máa se oúnjẹ wọn fúnra wọn.

Síbẹ̀, ọkàn Bàbá ò balẹ̀. "Tí oúnjẹ mi bá máa di wàhálà sí yín lọ́rùn," ó ti sọ fún wọn láàárọ̀, "ẹ̀yin ẹ lọ bá mi kí i. Èmi ṣáà ń rí i nínú fóònù." Irọ́ ló ń pa, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ò bá a jiyàn. Ó kàn lọ gbé àpótí tó tóbi jù nínú ilé wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilé ìdáná sínú rẹ̀.

Orí ìdérí àpótí yìí ni tọkọtaya jókòó lé, tí wọ́n ń wá bó ṣe máa pa dé, nígbà tí Àǹtí Pápákọ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà lobìnrin ni. Pápákọ̀ òfurufú ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù àwọn èrò wò kó tó wọ ọkọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ní tó bá tú ẹrù ẹni wò, bó ṣe bá a ló ṣe máa ń dì í padà, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń dára ju bí ẹni tó ni ín ṣe dì í lọ. Nítorí ìwà yìí ni Wọ̀-ọ́-wò ṣe fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá òun ni.

"Ìyàwó mi, ẹ kú ìmúra o. Kí lẹ jókòó lé báyìí? Ó dájú pé kì í ṣe èèyàn lẹ dì sínú ẹ̀?"

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ilé ìdáná ni."

"Ilé ìdáná? Ó yá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ n rí i."

Wọ́n ṣí i fún un. Àǹtí Pápákọ̀ wò ó títí, ó gbé ìdérí ìkòkò kan sókè, ó tún dá a padà sáàárín síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti ń wo ẹrù onírúurú èèyàn," ó wí, "mi ò tíì rí ẹni tó di ìkòkò báyìí rí. Kò lè dún, kò lè tẹ̀. Ìyàwó mi, ọwọ́ ẹ yìí ò ní rọ láé."

"Àmín, Àǹtí."

Ẹ̀yìn èyí ló wá na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Agolo gáàsì kan ló fà yọ, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Àbúrò mi, ta ló kó eléyìí síbí?"

"Èmi ni. Tuntun ni, wọn ò tíì ṣí i rí."

"Tuntun o, ògbólógbòó o, kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ ò lè kó o sínú àpótí, ẹ ò lè fọwọ́ gbé e. Gáàsì tó há mọ́nú agolo ni. Tí ooru bá mú un jù, tàbí tó bá ń jò díẹ̀díẹ̀, iná ló máa di. Tíná bá sì sọ lójú òfurufú, ibo lèèyàn fẹ́ sá gbà?"

Ó gbé agolo náà sílẹ̀ rọra, ó tún mú bílẹ́ńdà kékeré kan jáde, irú èyí tí wọ́n máa ń gba iná sí bíi fóònù.

"Eléyìí ní bátìrì nínú. Ṣé ẹ mọ bátìrì inú fóònù, àti pawabáńkì tẹ́ ẹ fi ń gba iná sí fóònù lójú ọ̀nà? Ọ̀dọ̀ yín lókè ni kí wọ́n wà, kì í ṣe nínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀. Tó bá gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ máa tètè mọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Tó bá gbóná nísàlẹ̀ láàárín aṣọ, ta ló fẹ́ rí i? Ti bílẹ́ńdà yìí tún wá le jù, torí ó ní abẹ, wọn ò sì ń fẹ́ abẹ lọ́dọ̀ èrò. Ẹ máa ní láti bi iléeṣẹ́ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e rárá."

"Irú kékeré yìí náà, Àǹtí?" ni Wọ̀-ọ́-wò béèrè.

"Kékeré yìí náà. Mo ti rí àpótí tó ń rú èéfín lọ́wọ́ wa rí. Obìnrin kan ló ni ín, ó ń gbé nǹkan lọ fún ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò ní ohun burúkú kankan lọ́kàn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkọ̀ ò tíì gbéra." Ohùn Àǹtí lọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Wọ̀-ọ́-wò fọwọ́ lé àyà, torí ìfẹ́ ló mú òun náà di ẹrù tirẹ̀.

Oníwáyà húkọ́. "Ó dáa, a máa yọ ìyẹn kúrò. Sítóòfù oníná àti kẹ́tùrù ṣáà wà. Wọn ò ní gáàsì, wọn ò ní bátìrì, wọn ò lábẹ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dojú sítóòfù náà dé, ó sì wo ìdí rẹ̀. "Ta ló pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ẹ̀?"

"Èmi náà ni." Àyà rẹ̀ ga díẹ̀.

"Iṣẹ́ ẹ mọ́. Bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí."

"Ọgọ́fà fóòtì, bí agbára iná tiwa níbí ṣe mọ."

"Iná ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ńkọ́?"

"Háà, Àǹtí, iná ni iná. Iṣẹ́ ẹ̀ náà ni mò ń ṣe jẹun."

Ẹlòmíì ì bá ti gbaná jẹ. Àǹtí Pápákọ̀ fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó tì í. "Ó dáa, jẹ́ n bi ọ́ léèrè iṣẹ́ ẹ. Gílóòbù iwájú mọ́tò kékeré, ṣé o lè gbé e sínú tirela?"

"Tirela kẹ̀?" Oníwáyà bú sẹ́rìn-ín. "Iná tirela lágbára ní ìlọ́po méjì ti mọ́tò kékeré. Tí mo bá gbé e sí i, á ti jó kí n tó yọwọ́."

"Tó o bá wá dọ́gbọ́n sí i ńkọ́, tí ìdí gílóòbù yẹn wọ ojú ihò ti tirela pẹ́kípẹ́kí?"

"Kí nìyẹn fẹ́ yí padà? Ó ṣì máa..." Ó wo púlọ́ọ̀gì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìdí sítóòfù, ó tún padà wo púlọ́ọ̀gì.

"Èló ni iná wọn níbẹ̀?" Jẹ́jẹ́ ló béèrè rẹ̀ báyìí.

"Igba ó lé ọgbọ̀n."

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì." Oníwáyà jókòó wọ̀ọ̀. "Á jó ni. Ó lè jó ilé onílé mọ́ ọn. Púlọ́ọ̀gì tí kò bá ara ògiri wọn mu tẹ́lẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bò wá, èmi ni mo gé e dànù."

Ẹ jẹ́ ká yin ọkùnrin yìí níbí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níwájú ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n, láìwá ẹlòmíì tó máa di ẹ̀bi rù. Kò tiẹ̀ dúró kí wọ́n rọ̀ ọ́. Ó lọ mú ìtúṣó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú púlọ́ọ̀gì tuntun náà kúrò lára sítóòfù.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń dín iná kù," ni Wọ̀-ọ́-wò sọ. "Ṣé a ò lè ra ìyẹn?"

"Ó wà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń gbóná, bíi sítóòfù, kẹ́tùrù àti áyọ́ọ̀nù, iná púpọ̀ ló ń fà. Kékeré tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò ò lè gbé e, òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbóná. Èyí tó lè gbé e máa wúwo ju Bàbá lọ. Ṣájà fóònù yín ló rọrùn. Ẹ wo ara ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọgọ́rùn-ún títí dé òjìlénígba. Èyí tí wọ́n bá kọ báyẹn sí lára, kò síbi tí kò ti lè ṣiṣẹ́. Ohun tó máa jẹ́ kẹ́nu ẹ̀ wọ ara ògiri nìkan lẹ máa wá."

"Ẹ tú gbogbo ẹ̀ ká."

Gbogbo wọn yíjú padà. Bàbá ni. Wọn ò mọ ìgbà tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀," ó wí. "Mi ò lọ mọ́. Kí lẹ fẹ́ máa gbé iná kiri òfurufú fún, nítorí ọ̀fun ẹnì kan? Ẹ lọ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé..." Ó yíjú sójú fèrèsé.

Àánú rẹ̀ ṣe ọmọ rẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí tówẹ̀lì tí wọ́n fi wé sítóòfù. Ó rò ó pé àbúrò Bàbá ṣì mọ orúkọ kan péré nínú ayé yìí, àti pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ló dúró yìí, tó ń wo ojú fèrèsé, tó lóun ò lọ mọ́. Inú bí i. Sítóòfù lásán! Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wo àpótí náà bó ṣe máa ń wo aṣọ tó há oníbàárà lápá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀bi mi ni. Mo ránṣọ kí n tó wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ n tún un gé."

Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí sórí tábìlì, títí tí àpótí fi ṣófo. "Àǹtí, kí ló ti wà nínú ilé tí a háyà yẹn?"

"Ìbéèrè tó yẹ ká ti kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ṣé ẹ ò tíì bi onílé ni?"

Tọkọtaya wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó tíì bi í. Wọ́n ti rí fọ́tò yàrá, wọ́n ti rí fọ́tò igi tó wà níwájú ilé, kò sì sẹ́ni tó ronú kan ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná.

Wọ̀-ọ́-wò pe onílé lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́ ọ. Obìnrin ni onílé, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn.

"Sítóòfù olójú mẹ́rin ló wà níbẹ̀," ni onílé wí. "Ìkòkò wà, láti orí ńlá dé kékeré. Kẹ́tùrù wà, fíríìjì wà. Abọ́ pọ̀ ju ẹni tó máa jẹun lọ."

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. Bílẹ́ńdà ńkọ́?"

"Háà, ìyẹn ti bàjẹ́, kò sì tíì sí òmíràn. Ẹ máa bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má ṣe dáná nínú yàrá. Àwọn kan gbé sítóòfù tiwọn wá, wọ́n fi síwájú kọ́tìnì, díẹ̀ ló kù kílé jó. Aago tó ń pariwo tó bá gbọ́ òórùn èéfín wà lókè àjà, ẹ má yọ ọ́, ẹ má sì fi aṣọ bò ó."

"A ò jẹ́ dán an wò, mà."

Nígbà tí fóònù dákẹ́, ohun tó kù nílẹ̀ ò ju ọ̀kan ṣoṣo lọ: kí ni wọ́n máa fi sọ oúnjẹ Bàbá di kíkúnná? Oníwáyà ń wo bílẹ́ńdà. Àǹtí ń wo òkè àjà. Wọ̀-ọ́-wò ń wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, tí mi ò tíì léyín, kí ni màmá fi ń lọ oúnjẹ fún mi?"

Bàbá ronú díẹ̀. "Bílẹ́ńdà wo ló wà nígbà yẹn? Asẹ́ ni. Á se é kó rọ̀, á dà á sórí asẹ́, á máa fi ìdí ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo ẹ̀ á fi sẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìwọ á sì máa pariwo pé ó pẹ́ jù."

Asẹ́! Kò lo iná, kò ní bátìrì, kò wúwo tó bàtà. Oníwáyà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"Ẹ jẹ́ ká wọ̀ ọ́ wò ná," ó wí. "Oúnjẹ alẹ́ Bàbá lónìí, ohun tó wà nílé onílé àti ohun tí a máa gbé lọ nìkan la máa fi sè é. Tí kò bá ṣeé ṣe níbí, kò ní ṣeé ṣe lọ́hùn-ún."

Wọ́n wọ ilé ìdáná. Ó se ọ̀dùnkún, kárọ́ọ̀tì àti ẹja nínú ìkòkò kan, pẹ̀lú alùbọ́sà dípò iyọ̀ púpọ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi rọ̀ wọ̀jọ̀. Ó gbé asẹ́ lé abọ́, ó sì na ṣíbí onígi sí ọkọ rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó ń tún iná mọ́tò ṣe, bó ṣe tẹ orí ba, tó ń fi ìdí ṣíbí tẹ kárọ́ọ̀tì kọjá lára asẹ́ bí ẹni tó ń pa ara mọ́tò dán. Òógùn bò ó. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Nígbà tó ṣe tán, Àǹtí Pápákọ̀ na ìka sí ohun tó ṣẹ́ kù lórí asẹ́.

"Ẹ wo egungun ẹja. Bílẹ́ńdà ì bá lọ̀ ọ́ mọ́ ọn ni, Bàbá ì bá sì gbé e mì. Ìyàwó mi, o gbọ́n o."

Wọ́n gbé e síwájú Bàbá. Gbogbo wọn ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó fi ṣíbí bù ú, ó gbé e mì, ó dúró. Kò húkọ́. Ó tún bù ú. Ó jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́.

"Ta ló sẹ́ ẹ?" ó béèrè níkẹyìn.

"Èmi ni, Bàbá," ni Oníwáyà dáhùn.

"Fi mọ́tò sílẹ̀, kó o wá gba iṣẹ́ oúnjẹ." Ó nu ẹnu, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣòkòtò mi aláwọ̀ eérú, ṣé kò ti fẹ̀ jù fún mi? Bá mi fún un mọ́ra díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí àbúrò mi rò pé ẹ ò fún mi lóúnjẹ."

Báyìí ni Wọ̀-ọ́-wò ṣe dì í lẹ́ẹ̀kejì. Asẹ́, ṣíbí onígi àti ọ̀bẹ kékeré kan tí wọ́n fi páálí líle wé wà nínú àpótí tó lọ sábẹ́ ọkọ̀. Oògùn Bàbá, nínú páálí rẹ̀ gan-an, àti pawabáńkì wà nínú báàgì ọwọ́. Àǹtí ti kìlọ̀ fún wọn pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í gba ẹja, ẹran tàbí èso tútù láti òkèèrè, nítorí náà ọjà ibẹ̀ ni wọ́n ti ra ohun tí wọ́n sè. Ní pápákọ̀, asẹ́ nìkan ló ya ẹni tó yẹ ẹrù wọn wò lẹ́nu. Nígbà tí Bàbá ṣàlàyé fún un ohun tí asẹ́ náà wà fún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n débẹ̀, wọ́n lọ mú àbúrò Bàbá wá jẹun. Ó fa ọ̀pá wọlé, ó wo Oníwáyà, ó wo Wọ̀-ọ́-wò, kò mọ wọ́n. Ó wá wo Bàbá. Ó wò ó títí. Wọ̀-ọ́-wò rò pé àwọn ti pẹ́ jù.

"Ajẹ-má-kù!" ni àgbàlagbà náà pariwo. "Bọ̀ọ̀dá Ajẹ-má-kù! Ẹran mi tẹ́ ẹ jẹ lọ́jọ́sí dà?"

Ẹ̀rín tí Bàbá rín lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Orúkọ tí àbúrò rẹ̀ fi ń bú u ní kékeré ni, kò sì sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n. Bàbá dìde, ó gba ṣíbí onígi lọ́wọ́ Oníwáyà, ó lóun fúnra òun lòun máa sẹ́ oúnjẹ àbúrò òun. Ó pẹ́ kó tó ṣe tán, ṣùgbọ́n wọn ò dí i lọ́wọ́. Abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì fi jẹun, èyí àbúrò sì ń ṣọ́ ṣíbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọkàntọkàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń múra láti lọ lo ọlidé nílẹ̀ òkèèrè, tẹ́ ẹ sì fẹ́ máa dáná fúnra yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ kọ́kọ́ pe onílé. Ẹ bi í ní ohun tó wà nílé ìdáná rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbé lọ ló ti wà níbẹ̀. Gáàsì kì í wọ ọkọ̀ òfurufú, ìbáà jẹ́ agolo kékeré bí ìka. Ohunkóhun tó bá ní bátìrì, ẹ bi iléeṣẹ́ ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Pawabáńkì ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé ohun tó ń lo iná, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè kẹ́ ẹ ka iye fóòtì tí wọ́n kọ sí i, kẹ́ ẹ sì wádìí iye ti ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Bí iná ibẹ̀ bá ju tirẹ̀ lọ, yóò jó. Bó bá kéré sí i, kò ní gbóná tó láti se nǹkan kan. Pípààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kì í yí èyí padà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ilé ìdáná ni kẹ́ ẹ ti dáná, ẹ jẹ́ kí aago èéfín wà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa iná kẹ́ ẹ tó jáde.

Bí ẹnì kan nínú yín bá ní oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ sè é wò nílé lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ máa ní lọ́hùn-ún nìkan. Ẹ má ṣe tìtorí ẹrù fi àgbàlagbà sílẹ̀ sílé, ẹ má sì ṣe tìtorí ìfẹ́ gbé iná wọ ọkọ̀. Sítóòfù wà káàkiri ayé. Ẹni tó lè pe Bàbá ní Ajẹ-má-kù, ẹnì kan ṣoṣo ló kù.